Ìwé Tí Ìdáyátù Rà fún Akọ̀wé

"Èyí tí o ń pè ní Akọ̀wé yìí," Alfa Babalọlá wí, ó sì ti awò ojú rẹ̀ sókè sí iwájú orí, "irú ènìyàn wo ni?"

Ìdáyátù ronú díẹ̀. "Ó tẹ́ẹ́rẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Báírò sì wà ní àpò ẹ̀wù rẹ̀."

"Mo bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ ènìyàn, o ń fún mi ní ọ̀rọ̀ báírò."

"Àbúrò ọkọ mi ni, Alfa. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo lò láàárín wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó, kí a tó máa bọ̀ ní Àbújá níbí. Báírò yẹn ni ojú mi kọ́kọ́ rí. Òun ni mo fi sọ ọ́ ní Akọ̀wé."

"Orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́?"

"Háà! Alfa, ẹ̀yin náà! Ṣé ẹ fẹ́ kí n pe orúkọ ọkọ mi láàárín ọjà ni?"

Alfa bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìlọrin ni, kò sẹ́ni tó ní láti là á yé e. Gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe èyí tó ń rákòrò, ọkọ rẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ wọn. Yóò wo kálukú dáadáa, yóò sì fún un ní orúkọ tó bá ìrísí rẹ̀ mu. Orúkọ yẹn ni yóò sì máa pè é títí ayé.

Òjò ń rọ̀ sórí páànù ọjà Garki. Abẹ́ páànù yẹn ni Alfa pàtẹ ìwé rẹ̀ sí, Kùránì àti ìwé kéwú lápá ọ̀tún, ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé lápá òsì, ìwé ìtàn Yorùbá láàárín. Nínú páálí kan nísàlẹ̀ tábìlì ni àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì wà, èyí tí àwọn òyìnbó tó ń kọ́ ilé ìjọba máa ń fi sílẹ̀ bí wọ́n bá ń padà sí ìlú wọn. Òmíràn nínú wọn kò ní ẹ̀yìn mọ́. Òmíràn kò ní ìparí. Ìdáyátù ti yá irú èyí tí kò ní ìparí kà rí, ó ń fi ojú inú wo ohun tó kù. Ọjọ́ pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó ṣì ń parí ìtàn náà fúnra rẹ̀ bó bá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Lónìí, ọmọbìnrin inú ìwé náà á padà sílé bàbá rẹ̀. Lọ́la, á bá ọkọ̀ ojú omi lọ.

Iléyá yìí ni àkọ́kọ́ tí òun àti Sàkáríyà ọkọ rẹ̀ yóò lọ ṣe nílé láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ní agboolé àwọn Sàkáríyà, bí ìyàwó tuntun bá ti òkè ọya dé fún ọdún, gbàgede ni wọ́n ti ń tú ẹrù rẹ̀. Ìyá ọkọ á jókòó sórí ẹní, àwọn obìnrin ilé á yí i ká, wọ́n á máa mú ẹ̀bùn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa ké sí ẹni tó ni ín kó wá gbà á. Àwọn ìyàwó tó ṣáájú kó aṣọ lọ, wọ́n kó abọ́ tánganran lọ. Ìdáyátù ti pinnu pé ìwé ni òun máa kó lọ ní tòun, ìwé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ó mọ̀ pé ohun tí òun dáwọ́ lé yìí léwu. Bí aṣọ kò bá bá ènìyàn mu, olúwarẹ̀ á fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ìwé kò bá bá ènìyàn mu lójú gbogbo ilé, wọ́n á ní ìyàwó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní tán bọ̀rọ̀. Nítorí náà ni ó ṣe ti ń bi Sàkáríyà léèrè láti bí oṣù kan sẹ́yìn. Kí ni Bàbá máa ń fẹ́ mọ̀? Kí ni Ìyá máa ń fẹ́ mọ̀?

"Bàbá fẹ́ mọ ẹni tó jí bàtà wọn ní mọ́ṣáláṣí," Sàkáríyà ti dáhùn. Nígbà tí Ìdáyátù kò jẹ́ kó gbádùn, ó ní Bàbá a máa béèrè lọ́wọ́ gbogbo àlùfáà tó bá ti Mẹ́kà dé bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí, ṣé iyanrìn lásán ni, ṣé igi wà níbẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, Bàbá ti ní ìwé tó kún fún àwòrán Mẹ́kà àti ọ̀nà tó lọ síbẹ̀. Ìyá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn adìẹ wọn bí ọmọ. Ìwé tí wọ́n ya àwòrán adìẹ oríṣiríṣi ìlú sí ni Ìdáyátù rí fún wọn. Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, àbúrò Sàkáríyà obìnrin tó wà ní ilé-ìwé gíga, ní ìwé ìràwọ̀.

Ti Akọ̀wé nìkan ni kò béèrè. Kí ni ó tún kù láti béèrè? Orúkọ rẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀.

"Bó bá jẹ́ akọ̀wé ni, mo ní tirẹ̀," Alfa wí. Ó fa ìwé kan yọ láti abẹ́ òmíràn. Ó nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. "Bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ wà níbẹ̀. Lẹ́tà tí a fi ń tọrọ àforíjì wà níbẹ̀. Lẹ́tà tí ènìyàn fi ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ò ṣe mọ́."

Ìdáyátù ṣí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rí Akọ̀wé lójú inú, níwájú ọ́fíìsì kan, tó ń kọ irú lẹ́tà yẹn. "Ẹ bá mi dì í," ó ní.

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ta ni yóò ra ìwé ọdún fún ọ?"

Ìdáyátù wo ìsàlẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé ni ọwọ́ rẹ̀ òsì ti wà lórí ìwé ìtàn kékeré kan, kí oníbàárà mìíràn má baà mú un. Wọ́n ya odò sí ẹ̀yìn rẹ̀, àti ọkọ̀ kan, àti ọkùnrin tó dúró nínú ọkọ̀ náà. Ọkùnrin náà kẹ́yìn sí ẹni tó ń wò ó.

"Èmi ni mo máa rà á fún ara mi," ó ní. "Mo fẹ́ mọ ìdí tí kò fi fẹ́ wo ojú ènìyàn."

*

Òjò ti dá nígbà tó dé Karmo, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Àwọn obìnrin Gwari ń ti oko bọ̀, wọ́n gbé ẹrù igi lé èjìká bíi ti ìṣe wọn, ẹsẹ̀ wọn pupa fún ẹrẹ̀. Rísíkàt, ọ̀rẹ́ rẹ̀ onídìrí tó ń gbé yàrá kejì, ti bá a gbé àpò náà sílẹ̀ kó tó tú gèlè. Ó tẹ́ gbogbo ìwé náà sórí ẹní bí ẹni tẹ́ ẹja.

"Èwo ni tèmi? Má sọ fún mi pé o gbàgbé mi."

"Wò ó dáadáa."

Rísíkàt rí i. Ìwé irun ni, irun obìnrin láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. "Kai! Ìdáyá! Wá wo ohun tí wọ́n fi orí obìnrin yìí ṣe! Ṣé irun nìyí tàbí agbọ̀n?" Ó ń yí ìwé náà sọ́tùn-ún sósì. "Báwo ló ṣe ń sùn? Mo fẹ́ mọ̀. Orí yìí ò lè kan ìrọ̀rí."

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Sàkáríyà ti ibi iṣẹ́ dé. Bíríkìlà ni, símẹ́ńtì ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Ìdáyátù kúnlẹ̀ kí i, ó gbé omi fún un. Ó mu ún, ó sì lóṣòó ti àwọn ìwé náà.

"Adìẹ rèé?" ó ní. "Mo rò pé àgbò ni. Áà, Ìyá á jó. Ti Bàbá nìyí. Ti ìràwọ̀ nìyí." Ó gbé ìwé pupa náà. "Ó wúwo o. Ta ló ni èyí?"

"Ti Akọ̀wé ni."

"Akọ̀wé wo?"

"Akọ̀wé náà. Àbúrò yín."

Sàkáríyà rọra gbé ìwé náà sílẹ̀. "Mùkáílà?"

"Àwọn ni."

"Ìdáyá, Mùkáílà ò mọ̀wé. Kíláàsì kejì ló ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Kò mọ A, kò mọ B. Mọ́tò ló ń wà."

Rísíkàt dẹ́kun yíyí ìwé rẹ̀.

"Báírò tó wà lápò wọn ńkọ́?" Ìdáyátù béèrè. "Lọ́jọ́ tí mo wọlé?"

"Báírò mi ni! Èmi ni mo ní kó bá mi mú un dání. A fẹ́ fi kọ orúkọ àwọn tó mú ẹ̀bùn wá."

Ìdáyátù jókòó sílẹ̀. Ó rántí ọ̀sẹ̀ yẹn. Gbogbo ìgbà tó bá ti ké pé "Akọ̀wé o!" ni gbogbo agboolé máa ń bú sẹ́rìn-ín, àwọn àgbà obìnrin á máa pàtẹ́wọ́. Ó ti rò pé inú wọn dùn sí i ni, pé orúkọ náà bá a mu.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé o mọ̀. Gbogbo wa la rò pé o mọ̀. A ní ẹnu ìyàwó yìí mú bí abẹ. Ìyá gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo lo fi dé tí o ti mọ ẹni tí wàá máa fi ṣẹ̀sín."

"Yéè," Rísíkàt wí lábẹ́ èémí. "Ìwé lẹ́tà ni o wá tún lọ rà fún un. Ó kù kó o ra àga ọ́fíìsì." Ẹ̀rín fẹ́ gbé e, ó bo ẹnu. Nígbà tó rí ojú Ìdáyátù, ẹ̀rín náà kú. "Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Fi fìlà rọ́pò rẹ̀. Fìlà ò ní wàhálà."

"Màá dá ìwé náà padà fún Alfa lọ́la."

"Alfa wo?" Rísíkàt ní. "Kò sọ fún ọ pé òun ń ti ọjà lọ ṣe ọdún ní Ìlọrin ni?"

Ó ti sọ ọ́. Ìdáyátù fi ọwọ́ bo ojú. "Ẹ jẹ́ kí n yí orúkọ náà padà, n máa pè wọ́n ní nǹkan mìíràn."

"Orúkọ tí ìyàwó bá sọ ọkọ, ta ló ń yí i padà?" Rísíkàt ní. "Bí o bá yí i, ẹni tí kò tíì gbọ́ á gbọ́."

Sàkáríyà dìde, ó ń ha símẹ́ńtì lẹ́sẹ̀. "Òun ló ń bọ̀ wá fi mọ́tò gbé wa lọ́la. Ìwé pupa yẹn, gbé e pamọ́. Kó má rí i rárá. Kó sì má bá ẹrù dé gbàgede."

Ìdáyátù gbé e sábẹ́ ibùsùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń yí po nínú rẹ̀, kì í ṣe ìtìjú nìkan. Gbogbo ìgbà tí òun pe orúkọ náà ni Mùkáílà dáhùn. Kì í wulẹ̀ ṣe pé ó dáhùn, ó máa ń dáhùn sókè, "Yéè-es, ìyàwó!", bó tilẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé.

"Kí ló dé tó ń jẹ́ ẹ?" ó bi ọkọ rẹ̀. "Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ó máa jẹ́ ẹ?"

"Mi ò ní jẹ́ ẹ."

"Kí ló wá dé?"

"Bi í. Ìwọ tí o máa ń bi gbogbo ayé léèrè ọ̀rọ̀."

*

Mùkáílà dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, ó ti da tapólì bò ó lẹ́yìn. Sàkáríyà ṣì wà níbi iṣẹ́, ó lọ gba àyè ọdún lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Ìdáyátù kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́. Ilé ń retí rẹ."

Kò tẹ́ẹ́rẹ́ tó bó ti wà nínú ọkàn Ìdáyátù. Èjìká rẹ̀ ti fẹ̀, epo mọ́tò wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ìdáyátù gbé iṣu àti ẹ̀wà sí i níwájú, ó bu omi, ó ní "ẹ fọwọ́, ọkọ mi," ó ní "ẹ rọra jẹ ẹ́, ọkọ mi, ó gbóná." Mùkáílà jẹun tán, ó mumi. Ó wá ń wò ó.

"Ìyàwó, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Áà! Rárá o."

"Kí ló dé tí o ò tíì pe orúkọ mi láti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀? Mo ti ń retí rẹ̀ láti Jẹ́bà."

"Láti Jẹ́bà?"

"Mo ń sọ fún mọ́tò pé kó fara dà á, pé ibi tí wọ́n ti ń pè mí ní Akọ̀wé là ń lọ."

Ìdáyátù kò lè gbé ojú sókè. Ó mú etí ìró rẹ̀, ó ń ká a, ó ń tú u. "Mi ò mọ̀ ni," ó ní. "Èèmọ̀ rè é. Àná ni ẹ̀gbọ́n yín ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Mo rí báírò ni mo ṣe rò pé… Ẹ má bínú. Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, mo fi Ọlọ́run búra."

"Mo mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ẹni tó bá ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́, kì í wo ẹni náà. Àwọn tó kù ló máa ń wò, kó lè rí i bóyá wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi lò ń wò ní tìrẹ."

Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dùn mí o, n ò ní purọ́. Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ṣùgbọ́n mo wá ń rò ó. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní olódo nínú ilé yẹn. Ìwọ wọlé, o ò mọ ẹnikẹ́ni, o wò mí, o ní Akọ̀wé. Mo ní kí n jẹ́ ẹ ná. Bóyá ó rí nǹkan."

Ìdáyátù fẹ́ sọ pé báírò ni òun rí. Kò sọ ọ́.

"Ṣé o mọ ohun tí mò ń kó?" Mùkáílà ń tọ́ka sí ọkọ̀ rẹ̀ lóde. "Bí kò bá sí iṣu, ìwé ni. Láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin, lọ sí Mínná, ìgbà mìíràn wọ́n á ní kí n gbé e dé Garki níbí. Páálí-páálí. Mọ́tò dákẹ́ fún mi ní Mókwà nígbà kan, orí wọn ni mo sùn sí. Mo gbé etí lé páálí kan." Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. "Mo ní kí n gbọ́ bóyá nǹkan kan ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kí ló wà nínú wọn gan-an, ìyàwó?"

Ẹnikẹ́ni kò bi Ìdáyátù ní irú ìbéèrè yẹn rí. Àwọn ènìyàn máa ń bi í pé kí ló rí jẹ nínú ìwé, pé ṣé ìwé ló máa se ọbẹ̀. Ó wá lọ fa àpò náà, ó sì tẹ́ àwọn ìwé sórí ẹní. Lẹ́yìn èyí ló nawọ́ sábẹ́ ibùsùn, ó mú ìwé pupa náà jáde, ó sì gbé e ti àwọn yòókù.

Mùkáílà nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò kó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ṣí ti adìẹ. "Ìyá á wá ọkọ fún gbogbo adìẹ yìí kí ilẹ̀ tó ṣú." Ó ṣí ti ìràwọ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó wá kan ìwé pupa. Ó ṣí i, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀.

"Èyí ni tèmi?"

Ìdáyátù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Lẹ́tà. Bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí ọ̀gá pé ènìyàn ò ṣiṣẹ́ mọ́."

"Ẹnu ni mo fi sọ fún ọ̀gá mi àtijọ́. Ó sì yé e yékéyéké."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìdáyátù láìrò tẹ́lẹ̀. Mùkáílà náà ń rẹ́rìn-ín, ó ti gbé ìwé kékeré tó kẹ́yìn. Ó gbé e súnmọ́ ojú. "Kí ni ọkùnrin yìí ń wò lódìkejì odò yẹn?"

"Èmi náà ò tíì mọ̀. Tèmi ni."

Ó gbé e sílẹ̀ kíá. "Má bínú."

"Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ fún yín."

Ó ṣí ojú ìwé kìíní. Ó ti fi ìwé náà pamọ́ láti àná, ó fẹ́ kó jẹ́ pé lẹ́yìn Iléyá, bí gbogbo ilé bá ti yó tí wọ́n sùn, ni òun yóò ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"'Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí obìnrin náà dé etí odò. Kò ní ẹrù, kò wọ bàtà. Ó ní kí atukọ̀ gbé òun kọjá. Atukọ̀ ní ọjọ́ ti lọ. Obìnrin náà ti wọ inú ọkọ̀. Wọ́n dé àárín odò, kò sí ìró kankan àfi ti àjẹ̀. Nígbà náà ni ó pè é: Àdìsá. Ọwọ́ atukọ̀ dúró. Àdìsá kọ́ ni orúkọ tirẹ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ẹni tí odò yẹn kan náà gbé lọ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.'"

Ó fi ìka sí ibi tó kà dé.

"Ta ló sọ fún un?" Mùkáílà ní.

"Wọn ò tíì sọ."

"Obìnrin yẹn, ṣé ó mọ̀ ọ́n ni? Àbí òkú ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣí iwájú."

Ó ka iwájú. Atukọ̀ kò dá obìnrin náà lóhùn, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tu ọkọ̀ padà sí èbúté tí wọ́n ti kúrò. Mùkáílà ti fi ẹ̀yìn kúrò lára ògiri, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ bá a tù ú. Rísíkàt ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́, ẹni tó ń dìrí fún ń pè é láti ìta, kò dáhùn.

Níbẹ̀ ni Sàkáríyà bá wọn. "Ṣé ẹ ò tíì dẹrù ni? Wọ́n ti fún mi láyè. Òjò sì ń bọ̀, ẹ wo ojú ọ̀run lápá Idu!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná," Mùkáílà ní, kò wẹ̀yìn.

Sàkáríyà rí ìwé pupa lórí ẹní. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń béèrè pé kí ni mo sọ fún ọ. Ìdáyátù pa ìwé kékeré náà dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Akọ̀wé," ó ní, "ẹ gbà á. Ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Yéè-es, ìyàwó." Ohùn rẹ̀ kéré. Ó gbà á. "Ìwọ ńkọ́? Kí ni tìrẹ?"

"Màá mú ti lẹ́tà."

"Ta lo fẹ́ kọ ọ́ sí?"

"Mi ò tíì mọ ẹni náà. Màá kà á wò."

"Ẹ wo àwọn méjì yìí," Rísíkàt ní. "Ìkan ò mọ ẹni tó fẹ́ kọ̀wé sí, ìkejì ò mọ̀ ọ́n kà. Ọjà ti tà." Ó sì sá padà sídìí irun tó fi sílẹ̀.

Wọ́n di ẹrù. Sàkáríyà ń kó ìgò epo àti ìgbá sínú ọkọ̀, ó ń kùn pé òjò máa bá àwọn ní Zuba. Ìdáyátù to àwọn ìwé sínú àpò, ti Bàbá, ti Ìyá, ti Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́. Ti atukọ̀ náà, ó yọ́ ọ wọ abẹ́ gèlè tó ká sórí ìjókòó iwájú. Mùkáílà rí i.

"Kí ló dé tí kò bá àwọn yòókù lọ?"

"Kí wọ́n má baà mú un jáde ní gbàgede. Wọ́n á ní kí ẹ kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn."

Mùkáílà dúró, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé táyà. Ó wo ojú ọ̀nà títí, níbi tí ọkọ̀ tó ń kó yanrìn lọ sí ibi ilé ìjọba ti ń la ẹrẹ̀ kọjá. Ó wá fa ìwé náà yọ lábẹ́ gèlè, ó tì í bọ inú àpò, lókè pátápátá, lórí ti Bàbá. Ó di ẹnu àpò náà pinpin.

"Jẹ́ kí wọ́n mú un jáde."

"Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ńkọ́?"

"Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Màá ní mi ò mọ̀ ọ́n kà, ìyàwó ló ń kà á fún mi. Lẹ́yìn náà màá sọ fún wọn nípa obìnrin tó wọkọ̀, àti orúkọ tó pè láàárín odò. Màá sì dákẹ́." Ojú rẹ̀ ń dán. "O ò mọ Ìyá. Wọn ò ní lè jẹun alẹ́. 'Ta ló sọ fún un, Mùkáílà? Òkú ni àbí alààyè?' Gbogbo wọn á máa tẹ̀ lé mi kiri ilé, lọ́dún yìí."

Ìdáyátù rí i lójú inú, gbogbo agboolé yẹn, pẹ̀lú ẹran Iléyá lọ́wọ́, tí wọ́n ń bẹ awakọ̀ kan pé kó parí ọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin pàápàá ò tíì mọ̀ ọ́n," ó ní. "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Mùkáílà gbé àpò náà sẹ́yìn ọkọ̀, ó fi okùn di tapólì lé e. Wọ́n wọ ọkọ̀, Sàkáríyà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, Ìdáyátù láàárín. Rísíkàt ń juwọ́ láti inú àgbàlá, ó ń ṣe àdúrà ọ̀nà fún wọn. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí gíláàsì. Mùkáílà yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó fọwọ́ sí jíà, kò sì lọ.

"Kí ló tún kù?" Sàkáríyà béèrè.

Mùkáílà pa ẹ́ńjìnnì. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sínú òjò. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́yìn, ó ń ká tapólì, ó ń bá okùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì jà, ó ń bú u. Nígbà tó padà, omi ti mu èjìká rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ ni ó ti fa ìwé náà yọ, kò tutù. Ó gbé e lé Ìdáyátù lẹ́sẹ̀.

"A ó tún un dì ní Ìlọrin, kí a tó wọlé," ó ní. "Máa kà á bọ̀."